Ẹ Fi Ẹ̀sọ̀ Tẹ Dùùrù: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Atẹdùùrù Wa àti Àwa Tí À Ń Gbọ́ Wọn

*Ọ̀rọ̀ ìlera ti ọ̀sẹ̀ yìí, láti ọwọ́ nọ́ọ̀sì yín ní Ìlogbò-Èkìtì*

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń retí kí n parí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru tí a bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. A máa parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ jẹ́ kí n bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tí a kì í sì í béèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí: ẹni tó ń tẹ dùùrù nínú ìjọ yín.

Bí ẹ bá jẹ́ atẹdùùrù, tiyín ni. Bí ọmọ yín bá ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Bí ẹ bá jẹ́ pásítọ̀, àlùfáà tàbí olórí ẹgbẹ́ akọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ni tiyín wà.

Ẹ bá mi ka iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́bọ̀, ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin. Ọjọ́ Ẹtì, ìṣọ́ òru, láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di ìdájí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó, nígbà mìíràn méjèèjì. Ọjọ́ Àìkú, ìsìn àkọ́kọ́, ìsìn kejì, lẹ́yìn náà ìpàdé. Láàárín gbogbo èyí, ó ní iṣẹ́ tó fi ń jẹun tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó ń lọ. Ẹni tó ń wàásù máa ń jókòó nígbà tí wọ́n bá ń kọrin. Ẹni tó ń kọrin máa ń jókòó nígbà ìwàásù. Atẹdùùrù ń tẹ̀ ẹ́ nígbà orin, ó ń tẹ̀ ẹ́ nígbà àdúrà, ó ń tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ìwàásù, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ títí tí àwa yòókù fi ti ṣọ́ọ̀ṣì jáde lọ jẹ iyán.

*Ọwọ́ tó ń kú lóru*

Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́kùnrin kan mú ìyá rẹ̀ wá kí a bá a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. (Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní sọ ìjọ rẹ̀.) Nígbà tí ìyá rẹ̀ jáde lọ sí ìta, ó dúró. Ó ní, “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ọwọ́ ọ̀tún mi máa ń kú tipiri lóru. Mo máa ń jí gbọ̀n ọ́n kó tó padà sípò. Ní báyìí, ó ti ń ṣe mí lójú ìsìn pẹ̀lú.”

Mo bi í pé kí ló ti lò. Ó kó sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn ìrora oríṣi méjì jáde nínú àpò. Kẹ́mísì ló ti rà á, ó sì ń lo méjèèjì pọ̀. Mo bi í pé kí ni àwọn ará ilé sọ. Ó wolẹ̀. Ó ní ẹnì kan ti sọ fún òun pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ni kò fẹ́ kí òun tẹ̀ síwájú, pé àwọn ni wọ́n mú òun lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, kò bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì sọ̀rọ̀ mọ́, ó sì ti fẹ́ fi dùùrù sílẹ̀ pátápátá.

Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ọwọ́ ṣe di ọ̀rọ̀ ọkàn, tó sì di ọ̀rọ̀ ìjà? Mi ò bá a jiyàn lórí ayé. Mo kàn ní kó jókòó, kó fi tábìlì mi ṣe dùùrù, kó tẹ orin tó máa ń tẹ̀ jù lọ fún mi. Kò pẹ́ tí mo fi rí i. Èjìká rẹ̀ méjèèjì ti gòkè fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ le bí igi. Ó di eyín mọ́ra. Kò sì mí. Ó sé èémí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ orin títí dé òpin rẹ̀.

*Ibi tí agbára ìka ti ń wá*

Ẹ jẹ́ ká ṣe nǹkan kan pọ̀ níbi tí ẹ jókòó sí yìí. Ẹ fi ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún mú díẹ̀ nísàlẹ̀ ìgúnpá. Ẹ wá máa mi àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún bí ẹni tó ń tẹ dùùrù. Ẹ gbọ́ bí nǹkan ṣe ń rìn lábẹ́ awọ ara níbi tí ẹ dì mú? Ibẹ̀ ni ẹran ara tó ń fa ìka wà. Inú ìka fúnra rẹ̀ kò ní ẹran tó ń fà á. Okùn iṣan ló gùn láti apá, tó gba inú ọ̀nà tóóró kan kọjá ní ọrùn ọwọ́, tó wá so mọ́ ìka. Nínú ọ̀nà tóóró yẹn kan náà ni iṣan ńlá kan ń gbà kọjá, èyí tó ń jẹ́ kí àtàńpàkò, ìka méjì tó tẹ̀ lé e, àti ìdajì ìka òrùka mọ nǹkan lára.

Bí ọrùn ọwọ́ bá tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn fún wákàtí púpọ̀, tí okùn iṣan ń lọ ń bọ̀ láìsinmi, ibẹ̀ lè wú díẹ̀. Ibi tóóró kò ní ibi tó máa gbòòrò sí. Iṣan ni yóò fún mọ́. Èyí ló ń jẹ́ kí ọwọ́ kú lóru, kó dà bíi pé abẹ́rẹ́ ń gún un. Kì í ṣe atẹdùùrù nìkan ló ń ṣe. Ó ń ṣe aránṣọ, ó ń ṣe onídìrí, ó ń ṣe aboyún, ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ọ̀dọ́kùnrin yẹn kọ́kọ́ jẹ́ kí a yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Ṣúgà rẹ̀ dára. Ọwọ́ tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe ọmọ Èkìtì nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Robert Schumann, ará Jámánì tí wọ́n bí ní 1810, fẹ́ di ọ̀gá atẹdùùrù. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ogún ọdún àti díẹ̀. Títí dòní ni àwọn dókítà ń jiyàn lórí ohun tó fà á, ṣùgbọ́n ó fi títẹ dùùrù níwájú èrò sílẹ̀, ó sì fi orin kíkọ ṣe iṣẹ́. Leon Fleisher, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1928, wà lára àwọn atẹdùùrù tó lókìkí jù nígbà tirẹ̀. Ní nǹkan bí 1964, ìka méjì tó kẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká kò fúnra wọn. Ohun tó lé ní 30 ọdún ló fi ń tẹ orin tí wọ́n kọ fún ọwọ́ òsì nìkan, tó ń kọ́ni, tó sì ń darí àwọn olórin. Àwọn ọdún 1990 ni abẹ́rẹ́ ìtọ́jú àti ìfọwọ́wọ́ ara tó jẹ́ kí ọwọ́ náà tún là díẹ̀díẹ̀. Ní 2004, ó gbé àwo orin jáde, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Two Hands, ọwọ́ méjì. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé àṣejù nínú ìdánrawò wà lára ohun tó kó bá òun.

*Ohun tí mo kọ́ lára àwọn ará Ṣáínà*

Nígbà kan, wọ́n kó àwa nọ́ọ̀sì jọ fún ẹ̀kọ́ lórí ìtọ́jú àgbàlagbà. Olùkọ́ wa fi fídíò tàì chí hàn wá, eré ìdárayá kan láti Ṣáínà tí wọ́n ń ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń rìn nínú omi. Ìwádìí ti fi hàn pé ó ń ran àwọn àgbà lọ́wọ́ kí wọ́n má máa ṣubú. Ó wù mí. Mo lọ ka ìwé nípa èrò tó wà nídìí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́ Dao, tí wọ́n sọ pé bàbá àgbà kan tó ń jẹ́ Laozi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn.

Ẹ má bẹ̀rù o. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni yí ẹ̀sìn padà. Ọmọ ìjọ ni mí, mo sì ń bẹ níbẹ̀. Ìrẹsì tí à ń jẹ lọ́jọ́ ọdún kò ti ọ̀dọ̀ baba ńlá wa wá, síbẹ̀ a mọ bí a ṣe ń fi ata tiwa sè é.

Ohun kan wà nínú ẹ̀kọ́ náà tí wọ́n ń pè ní wu wei. Ó túmọ̀ sí kí èèyàn ṣe nǹkan láìfi ipá ṣe é. Kò túmọ̀ sí kí a fọwọ́ lẹ́rán. Omi ni wọ́n máa ń fi ṣàpẹẹrẹ rẹ̀: omi rọ̀, kì í bá òkúta jà, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, òkúta ló ń jẹ. Àwa náà ní ọ̀rọ̀ kan fún un láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Ẹ̀sọ̀ ni. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Zhuangzi, ọlọ́gbọ́n mìíràn nínú wọn, sọ ìtàn alápatà kan. Ọ̀bẹ rẹ̀ ti pé ọdún 19 lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti kun ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ mú bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí òkúta ìpọ́nbẹ. Àwọn alápatà yòókù ń pààrọ̀ ọ̀bẹ lóṣooṣù nítorí wọ́n ń fi gé egungun. Òun ń wá àlàfo tó wà láàárín oríkèé, ibẹ̀ ló ń gbà. Bó bá dé ibi tó ṣòro, ńṣe ló ń rọra, á dín ìyára kù. Ẹ̀yin atẹdùùrù, ọwọ́ yín ni ọ̀bẹ yín. Kò sí èyí tí ẹ fẹ́ fi pààrọ̀ rẹ̀.

*Ẹ wo ẹni tó mọ iyán gún*

Nígbà tí mo fẹ́ ṣàlàyé èyí fún ọ̀dọ́kùnrin náà, mi ò sọ̀rọ̀ Ṣáínà fún un rárá. Mo ní, “Ọmọ mi, ṣé o máa ń gún iyán?” Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ Èkìtì wo ni kì í gún iyán?

Ẹ wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ó di ọmọ odó mú bí ẹni tó di olè mú. Ó ń fi èjìká tì í wọlẹ̀. Kí iyán tó fẹ́lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ti bó, ẹ̀yìn ti ń dùn ún. Ẹ wá wo ìyá tó ti ń gún un láti ọgbọ̀n ọdún. Ó gbé ọmọ odó sókè, ó sì jẹ́ kó bọ́. Ìwọ̀n ọmọ odó ló ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kàn ń darí rẹ̀ ni. Láàárín gígún kan àti èkejì, ọwọ́ náà ń sinmi díẹ̀, ìyá sì ń mí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni dùùrù. Apá yín ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n apá bọ́ wá sórí ìka, kó gba ibẹ̀ dé orí kíì. Bí kíì bá ti wọlẹ̀ tó ti dún, iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ohùn kò ní pọ̀ sí i. Apá yín nìkan ló ń san gbèsè. Àwọn onílù wa pẹ̀lú mọ èyí. Onídùndún tó bá le ọrùn ọwọ́ kò lè lù di ọ̀sán. Kọ̀ǹgọ́ ń bọ́, ó ń ta padà, ọrùn ọwọ́ ń rọ̀ tẹ̀ lé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba, tí wọ́n bí ní 1935 tó sì kú ní 2020, ló sọ pé ilẹ̀ Áfíríkà lè ní ọ̀nà tirẹ̀ láti gbà tẹ dùùrù, kí dùùrù máa sọ̀rọ̀ bí ìlù. Èmi nọ́ọ̀sì wá ń fi kún un pé: bí dùùrù yóò bá sọ̀rọ̀ bí ìlù, kí ọwọ́ atẹdùùrù náà rọ̀ bí ọwọ́ onílù.

Ohun tí ẹ lè ṣe láti ọ̀la nìyí:

1. *Ìjókòó.* Àga oníke inú ṣọ́ọ̀ṣì kéré jù fún ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù. Ẹ jókòó kí ìgúnpá yín wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú kíì tàbí kó ga jù ú lọ díẹ̀. Bí àga bá kúrú, ẹ fi tìmùtìmù sí i, tàbí kí ẹ sọ ẹsẹ̀ kíbọ́ọ̀dù kalẹ̀. Ẹ jókòó sí ìdajì iwájú àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀.

2. *Èjìká.* Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé èjìká sókè kan etí, ẹ mí sínú, kí ẹ wá jù ú sílẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ibi tó bọ́ sí yẹn ni kó wà.

3. *Ọrùn ọwọ́.* Kó tọ́, kó má ká sókè, kó má sì wọlẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi ìka kan gbé e díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kó lè mì.

4. *Ìgbóná ọwọ́.* Nígbà ọyẹ́, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́ wẹ ọwọ́ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi orin tó rọrùn bẹ̀rẹ̀, kó má jẹ́ èyí tó yára jù.

5. *Ìdánrawò.* Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ fún ìdajì wákàtí, ẹ dìde fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ rìn, ẹ mu omi. Fóònù títẹ̀ kì í ṣe ìsinmi fún ọwọ́ o.

6. *Etí.* Ẹ má jókòó síwájú sípíkà ńlá. Ariwo tó tó ìwọ̀n 85 dB kò yẹ kó kọjá wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ fún etí. Bó bá dé 100 dB, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 péré ni. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn ìsìn, etí ti ń ké nìyẹn.

*Omi gbígbóná, omi tútù*

Ẹ ti dé Ìkógòsì rí? Ó kọjá Àrámọ̀kọ́ díẹ̀, kò jìnnà sí wa. Omi gbígbóná ń sun níbẹ̀, omi tútù ń sun nítòsí rẹ̀, wọ́n wá pàdé, wọ́n jọ ń ṣàn lọ. Bí gbígbóná nìkan ni, ara á bó. Bí tútù nìkan ni, èèyàn á wárìrì. Àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ Dao ní orúkọ fún méjèèjì, yin àti yang. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni ẹ̀gbẹ́ òkè tí oòrùn ń ràn sí, àti ẹ̀gbẹ́ òkè tí òjìji bò. Àwa tó ń gbé láàárín òkè, ó yẹ kí èyí tètè yé wa: òkè kan náà ni.

Iṣẹ́ ni ẹ̀gbẹ́ oòrùn. Oorun sísùn ni ẹ̀gbẹ́ òjìji. Ara kì í tún ara ṣe nígbà tí a ń ṣiṣẹ́, bí kò ṣe nígbà tí a bá sinmi, pàápàá nígbà tí a bá sùn. Orin tí ẹ kọ́ lọ́sàn-án pẹ̀lú, ojú oorun ni ọpọlọ ti ń tò ó jọ. Ẹni tó bá tẹ dùùrù ní ìṣọ́ òru Ọjọ́ Ẹtì, tó tún tẹ̀ ẹ́ níbi ìsìnkú ní àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ń wa mọ́tò tí epo rẹ̀ ti tán. Ẹ sun oorun tí ẹ jẹ gbèsè rẹ̀ kí ẹ tó tún fọwọ́ kan kíì.

*Ọ̀rọ̀ ọkàn*

Ọ̀pọ̀ atẹdùùrù ti sọ fún mi pé bí wọ́n bá wà nílé, ohun gbogbo ń lọ déédéé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù bá wá, tàbí tí ìsìnkú bá jẹ́ ti ẹni ńlá, ọwọ́ á máa gbọ̀n, àtẹ́lẹwọ́ á máa làágùn, orin tí wọ́n mọ̀ bí ẹní mowó á sì dàrú.

Zhuangzi tún ní ọ̀rọ̀ kan lórí èyí. Ó ní ẹni tó ń fi àfọ́kù amọ̀ ta tẹ́tẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á dá ṣáká. Bó bá fi ìdè ìgbànú tó níye lórí ta á, ẹ̀rù á bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Bó bá wá fi wúrà ta á, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn. Ọwọ́ kan náà ni, ìmọ̀ kan náà ni. Ohun tó yí padà ni ohun tó ń bẹ̀rù kó má sọ nù.

Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú ara. Bí ẹ̀rù bá bà wá, ọkàn á máa lù kìkì, èémí á wá sókè àyà, iṣan á le. Ẹ ò lè pàṣẹ fún ọkàn pé kó rọra lù. Ṣùgbọ́n ẹ lè darí èémí, èémí á sì fa ọkàn tẹ̀ lé e. Ẹ fi ọwọ́ kan sí ikùn. Ẹ gba imú mí sínú, ẹ ka ení dé ẹ̀rin, kí ikùn wú díẹ̀. Ẹ wá mí jáde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ ka ení dé ẹ̀fà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Èémí tó jáde gùn ju èyí tó wọlé lọ ló ń sọ fún ara pé kò sí ewu. Lójú orin náà, ẹ máa mí pẹ̀lú ìjọ ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń kọrin ń mí níbẹ̀, kí ló dé tí ẹ̀yin kò ní mí?

Bí ẹ bá sì ṣi kíì kan tẹ̀, ẹ máa lọ. Omi kì í padà sẹ́yìn lọ bínú sí òkúta.

Èmi náà ń tẹ dùùrù díẹ̀. Bàbá mi tó ti sùn ni olùtẹ hamóníọ̀mù ìjọ wa nígbà tí mo wà ní kékeré, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ fún ní afẹ́fẹ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, mo kọ́ orin bíi márùn-ún nínú ẹgbẹ́ wa. Bí mo bá ti ilé ìwòsàn dé tí ọjọ́ náà le, mo máa ń tẹ ọ̀kan nínú wọn, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó tó di pé mo dáná. Kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, mo máa ń sùn dáadáa. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń tẹ̀ ẹ́ fún ẹgbẹ̀rún èèyàn, ẹ máa wá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀ tí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ fún ara yín nìkan. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò sí ohun tó dùn mọ́ yín mọ́, tí oorun kò wá, tí oúnjẹ kò lọ, tàbí tí èrò ikú ń wá sọ́kàn yín, ẹ má ṣe dá a gbé. Ẹ tọ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà wá lọ́jọ́ náà gan-an. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.

*Nígbà tó yẹ kí ẹ wá sí ilé ìwòsàn*

Ẹ má fi oògùn ìrora bo ọwọ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ lè tẹ dùùrù. Ìrora ni agogo ilé. Ẹni tó gé okùn agogo kò pa iná. Ibuprofen àti diclofenac lójoojúmọ́ lè dá egbò sínú ikùn, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ẹ má lo méjèèjì pọ̀. Tramadol láìsí ìwé dókítà, ẹ jìnnà sí i, ó ń di bárakú.

Ẹ wá bí ọwọ́ bá ń kú fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tó ń jí yín lóru. Ẹ wá bí ife bá ń jábọ́ lọ́wọ́ yín, bí ẹran ìdí àtàńpàkò bá ń gbẹ, tàbí bí ìka bá ń ká kò fúnra rẹ̀ láìsí ìrora. Ẹ tètè wá, nítorí iṣan tó bá pẹ́ lábẹ́ ìfúnmọ́ lè má padà bọ̀ sípò tán. Bí apá òsì bá ń dùn yín pẹ̀lú àyà dídùn, òógùn tútù tàbí àìlèmí dáadáa, ẹ má ronú kan dùùrù mọ́. Ó lè jẹ́ ọkàn. Ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin wa, a kọ ìwé fún un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, kí àwọn fisiotẹ́rápì rí i. Wọ́n fún un ní ohun tí yóò máa fi de ọrùn ọwọ́ sùn kó má bàa ká lóru, wọ́n sì kọ́ ọ ní bí yóò ṣe máa na apá. Ó fi oògùn méjèèjì sílẹ̀. Ó tó oṣù méjì kó tó máa sùn mọ́jú. Kò tíì lọ tán pátápátá. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́ jù, ọwọ́ á rán an létí. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni. Ó ti lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì ti kí wọn.

*Ẹ̀yin olórí ìjọ, tiyín rèé*

T. K. Ekundayo Phillips tẹ dùùrù ní kàtídírà Marina ní Èkó láti 1914 di 1962. Ọdún 48 nìyẹn. Abẹ́ rẹ̀ ni Fela Sowande ti kọ́ iṣẹ́, ẹni tí ayé wá mọ̀ kárí. Bí Phillips bá ti dá iṣẹ́ náà tẹ̀ láìkọ́ ọmọ kankan, ta ni ì bá gbà á? Ìjọ tó bá fẹ́ kí atẹdùùrù òun pẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó ṣe nǹkan mẹ́rin yìí.

Ẹ fún un ní igbákejì. Bí ọmọ ọdún 14 bá wà tó ń wo ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ jẹ́ kó máa tẹ orin ẹyọ kan. Ẹ fún un ní Ọjọ́ Àìkú kan lóṣù tí yóò jókòó láàárín ìjọ bí àwa yòókù. Ìjọ lè kọrin láìsí dùùrù. Àwọn bàbá wa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì dùn. Ẹ ra àga gidi fún un, kò tó owó aṣọ ẹgbẹ́ kan. Bó bá sì ṣi orin tẹ̀, ẹ má yíjú wò ó láti orí pẹpẹ. Ojú yẹn wúwo ju ẹrù lọ. Lẹ́yìn ìsìn, ẹ bi í léèrè pé, “Báwo ni ọwọ́?”

Ẹ̀yin atẹdùùrù, ẹ fi ẹ̀sọ̀ ṣe é o. Ní ọ̀la, kí ẹ tó fọwọ́ kan kíì àkọ́kọ́, ẹ sọ èjìká kalẹ̀, kí ẹ mí jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n yẹ ọwọ́ òun wò, kó wá bá mi ní ilé ìwòsàn láàárọ̀ Ọjọ́rú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, apá kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ akọrin yín.

Ire o.